Àmì Pupa Tó Wà Níwájú Orí Gbémi

Ilé Adédìran,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìgbàjọ.

Gbémi ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, àwọn ewúrẹ́ náà ní kí n bá àwọn kí ọ. Ọyẹ́ ọdún yìí kì í ṣe kékeré, ó mú débi pé tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ní láti kọ́kọ́ fi òrí pa ètè mi kó má baà ya sí méjì. Bí tìrẹ bá jẹ́ yìnyín ní Atlanta lọ́hùn-ún, Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú omi tútù yóò ṣọ́ ọ. Mọ́tò rẹ kò ní kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì Marietta. Ọ̀gá rẹ ní ọsibítù yóò wá ẹ̀sùn sí ọ lẹ́sẹ̀, kò ní rí. Àmín.

O lè máa ronú pé kí ló dé tí mo ń fi bírò kọ̀wé nígbà tí o ti ra fóònù ńlá fún mi. Fóònù yẹn gan-an ni mò ń fura sí. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí wasáàpù, àmì kan a yọ, òmíràn a yọ tẹ̀lé e, tó bá yá àwọn méjèèjì a di búlúù. Èmi àti ìyá rẹ ti jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì àkọ́kọ́, ìwọ nìyẹn. Ta wá ni èkejì? Ẹnìkan wà tó ń jókòó tì ọ́ bá ọ kà á. Ìdí nìyí tí mo fi gbé lẹ́tà yìí lé Mojeed ọmọ oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, tó ń padà sọ́dọ̀ yín, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo kán àbẹ́là sí i, ìyá rẹ tún fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀. Tí o bá rí i pé òwú ti já, bi Mojeed.

Ilé wà dáadáa. Ewúrẹ́ funfun bí ìbẹta. Pásítọ̀ Nathaniel ra gbohùngbohùn tuntun sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wúkọ́ sí i lọ́jọ́ Sunday, gbogbo adìyẹ Ìgbàjọ sá wọ igbó, méjì nínú tiwa kò tíì padà dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ yẹn ni. Èyí tí o wé aṣọ aláwọ̀ wúrà mọ́ra láti èjìká dé ilẹ̀, tí wọ́n fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn, tí ìyá àgbà kan dì mọ́ ọ, tí àmì pupa rogodo sì jókòó sí iwájú orí rẹ. O ní ọjọ́ tí ìjọba India yà sọ́tọ̀ láti fi yẹ́ àwọn ọmọ wọn tó wà káàkiri ayé sí ni, pé àwọn tó wà ní Atlanta ṣe tiwọn ní gbọ̀ngàn kan ní Clarkston, pé Meena tí ẹ jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ló pè ọ́. O ní ayẹyẹ lásán ni.

Gbémi, èmi tí mo gbé Mushin nígbà tí ojú Mushin ṣì le, tí wọ́n yọ bàtà kan lẹ́sẹ̀ mi níbi tí mo ti ń rìn lọ, tí mo sì fi ẹsẹ̀ kan tó kù lé olè náà dé Òṣòdì, èmi ni o ń sọ fún pé ayẹyẹ lásán ni? Ìjọba wo ló ń wá ọmọ tó ti kúrò nílé kiri nítorí kó lè yẹ́ ẹ sí? Níbí, tí o bá gbọ́ pé ìjọba ń wá ọ, ẹsẹ̀ lo máa bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Akíntóyè, ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó ní òótọ́ ni, pé oṣù January ni wọ́n máa ń ṣe é, pé àwọn ọmọ India tó wà lẹ́yìn odi pọ̀ bí èèrà, ìjọba sì ní iye wọn lọ́wọ́. Mo fò dìde lórí àga. Wọ́n ní iye wọn lọ́wọ́? Ṣé a máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Ìyá mi títí wọ́n fi kú, tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọn a ní àwọn tí Ọlọ́run fún àwọn ni. Àwọn wọ̀nyí wá ń ka tiwọn ní gbangba! Tí wọ́n bá kà á tí kò pé ńkọ́, ta ni wọ́n máa fi dí i? Àfi ọmọ mi tó dúró sí àárín wọn, tó ń jẹ ìrẹsì wọn!

Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún àmì pupa yẹn wò. O mọ̀ pé lọ́jà ẹran wa ní Ìkìrun, tí ẹnìkan bá ti sanwó ewúrẹ́, tí kò tíì fẹ́ fà á lọ, ọ̀dà pupa la máa ń tọ́ sí i níwájú orí, kí ẹlòmíràn má baà ná an mọ́. Mo wo fọ́tò, mo wo ewúrẹ́, mo tún wo fọ́tò. Ìyá rẹ káwọ́ lérí. Ta ló san? Ta ló gbà á? Èmi kò rí iṣu, n kò rí oyin, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sì wà lẹ́yìn rẹ tó mú ṣíbí ńlá dání. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní ẹni tó ń pín oúnjẹ ni. Mo ní kí o gbé fóònù yí yàrá po kí n wò ó, o yí i po lóòótọ́, ṣùgbọ́n o sáré kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, àfi bí ẹni pé o fi í pamọ́ síbẹ̀. O rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́, o ní Daddy, omi lásán ni mo fi fọ àmì náà kúrò kí n tó lọ síṣẹ́, pé ìyá Meena ló fi sí ọ lórí, bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn, pé wọ́n tiẹ̀ ń pè ọ́ ní ọmọ àwọn. Ọmọ àwọn! Ìyá rẹ gbọ́, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí náà mo gbé fóònù lọ bá onífọ́tò ní Ìkìrun, mo ní kó bá mi fẹ fọ́tò náà kó tó ilẹ̀kùn, kí n lè rí ojú ọkùnrin yẹn dáadáa. Ó fẹ̀ ẹ́. Lórí ọ̀kadà tó gbé mi bọ̀, atẹ́gùn fẹ́ wọ inú fọ́tò, ó kù díẹ̀ kí èmi àti ọlọ́kadà fò bí àwòdì. A gbé e ti ògiri pálọ̀, èmi, Akíntóyè àti ìyá rẹ dúró síwájú rẹ̀ bí adájọ́. Ọkùnrin yẹn, mo gbà, oúnjẹ ló ń pín, ọbẹ̀ ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò tiẹ̀ wo ọkùnrin kankan. Ó fi ìka kan ojú rẹ nínú fọ́tò, ó ní, Bàbá Gbémi, ọmọ yìí ti sunkún.

Mo ní òógùn ni. Akíntóyè ní iná kámẹ́rà ni. Ìyá rẹ ní òun lòun ń nu ojú yẹn láti kékeré, kí àwa méjèèjì dákẹ́. Ó gbé fóònù, ó bọ́ síta, ó pè ọ́. Nígbà tó wọlé ó sọ gbogbo ohun tí o sọ fún un: pé wọ́n kọ orin ilé wọn, gbogbo àgbàlagbà dìde, pé ìyá Meena wá rọra bi ọ́ pé ìgbà wo lo rí ìyá rẹ gbẹ̀yìn, pé o bú sẹ́kún. Gbémi, ọdún mẹ́fà ni. Lọ́dọọdún o máa ń ní iṣẹ́ ṣíìfù ọsibítù ni kò jẹ́ kí o wá. Mo ti ń fura sí àwọn ará India, mo ti ń fura sí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣíìfù yẹn gan-an ló yẹ kí n ti máa fura sí.

Akíntóyè wá rántí ohun kan tó yẹ kó ti kọ́kọ́ sọ, àbí irú tíṣà wo nìyẹn. Ó ní ìdí tí wọ́n fi mú ọjọ́ náà ni pé ọjọ́ yẹn ni ọkùnrin wọn pàtàkì kan, tó ti pẹ́ ní South Africa, padà wá sílé. Ṣé o gbọ́? Ọjọ́ tó lọ kọ́ ni wọ́n ń ṣe! Ọjọ́ tó padà dé ni!

Nítorí náà, àwa náà ti dá tiwa sílẹ̀. Ọjọ́ kejì Àjíǹde ni, Ọjọ́ Yíyẹ́ Ọmọ Adédìran Tó Wà Lókè Òkun Sí. A kò ka ọmọ o, a kàn wò yíká, a rí i pé ìwọ nìkan ni. Pásítọ̀ yóò gbàdúrà láìlo gbohùngbohùn. Akíntóyè yóò sọ̀rọ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ kó má pẹ́. Ìyá rẹ ti ń fi òdòdó ẹ̀gbẹ́ ọgbà pásítọ̀ kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sín in, èyí tó kọ́kọ́ sín, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Mú Meena àti ìyá rẹ̀ dání tí wọ́n bá lè wá, ìyá rẹ ní òun fẹ́ rí obìnrin tó bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn, kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Onírùngbọ̀n náà lè wá. Ibi tí ojú mi ti tó o ni yóò jókòó sí.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́ títí di ìgbà náà, fi kún owó ọkọ̀ òfúrufú. Àyàfi owó oúnjẹ òbúkọ. Mo ti ya òbúkọ dúdú ńlá kan sọ́tọ̀ fún ọ, ó ń jẹ èèpo iṣu bí ẹni pé ó fẹ́ gbọ́ pé o ń bọ̀ kó tó sinmi, nítorí náà fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kó má baà jẹ ilé mọ́ wa lórí. Mo fi ọ̀dà pupa sí i níwájú orí. Àwọn tó ń wá ra ẹran ń bi mí pé ta ló ti san owó rẹ̀, mo ní ọmọ mi tó wà ní Atlanta ni, kò tíì san, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ọ̀nà tó gbé ọ lọ kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn bọ̀. Wọn yóò yẹ́ ọ sí lẹ́yìn odi, wọn yóò yẹ́ ọ sí nílé, ojú rẹ kò ní rí omi mọ́ àyàfi ti ẹ̀rín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúdáre Adédìran.

Má gbàgbé pé àmì òbúkọ yìí kì í ṣe irú tìrẹ tí omi lásán fọ̀ kúrò. Ọ̀dà tó kù nígbà tí a kun ilẹ̀kùn ilé wa ni mo lò. Yóò dúró dè ọ́.