Omi Òkun Tí Mo Fi Wẹ Orí Promise

Ugbonla,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, 1999.

Moríkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé oúnjẹ Ìbàdàn ń wọlé? Olúwa tó kó wa yọ lórí omi kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí ilẹ̀. Bàbá rẹ ti padà sídìí àwọ̀n. Ìyá àgbà ní kí n sọ fún ẹ pé eyín àwọn tó ku méjì ti ku ẹyọ kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, torí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Promise àbúrò rẹ ló ń dùn mí, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ tí kò tíì pe ìyá. Nígbà tí ìjà lé wa wọ igbó inú omi, tá a bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń bò ó lẹ́nu káwọn tó ń lé wa má bàa gbọ́ igbe rẹ̀. Mi ò sọ fún bàbá rẹ o, àmọ́ mo rò pé ọwọ́ mi yìí ló sé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn nínú.

Àfi bí mo ṣe kà á nínú lẹ́tà rẹ pé nínú ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà, iṣẹ́ tí etí àti ojú bá ń rán wọlé ló ń sọ irú ilẹ̀kùn tí ọpọlọ máa kàn láti fi gba iṣẹ́, àti iye tó máa kàn. O ní ìwé bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn náà, tó o pè ní jíìnì, inú ibẹ̀ ló wà látìgbà ìbí, iṣẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣí i kà. Ó yé mi kíá. Bí ebúté ni. Èyí tí ọkọ̀ ń yà, àwọn èèyàn á máa kan pákó kún un; èyí tí ọkọ̀ kì í yà, á jẹrà.

O tún ní níléèwé yín, ẹ máa ń da omi oníyọ̀ sára ọpọlọ ọmọ eku nínú àwo kí ó lè ta jí. Ẹ̀yin ń wọn iyọ̀ fún eku, èmi rèé, òkun ló wà lẹ́yìn ilé mi. Ọjọ́ kejì ni mo gbé Promise lọ sétí òkun, mo ń da igbá omi méje sí i lórí láàárọ̀, méje nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà bi mí pé ṣé ẹja tí mo fẹ́ sá ni. Mo ní ọmọ-ọmọ wọn ló kọ́ mi. Ni wọ́n bá ń tẹ̀ lé wa lójoojúmọ́, wọ́n á máa bá Promise sọ̀rọ̀ ṣáá, wọ́n á ka orúkọ ẹja fún un, wọ́n á ní kó má dá olóríkunkun ìyá rẹ̀ lóhùn.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, mo gbé igbá sókè, Promise di ọwọ́ mi mú, ó ní ó tó. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó ní olóríkunkun ni mí. Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi, òkun gbé e lọ.

Ìyá àgbà ní ẹnu àwọn ló ṣe é, kì í ṣe omi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó kàwé sọ̀rọ̀. Sọ fún olùkọ́ yín kí ó má ra iyọ̀ mọ́, mo ti fi kẹ́ẹ̀gì omi òkun méjì rán Ọlálẹ́yẹ, ọlọ́kọ̀ tó ń ná Igbókọ̀dá, fún àwọn eku yín.

Jọ̀wọ́, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó igbá ránṣẹ́, àti ti ìwé alábíídí kan fún àbúrò rẹ.

Lánàá, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń bọ̀. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ẹnu Promise, ó ti sá bọ́ sórí pákó iwájú ilé, ó ń kí wọn, àwọn náà sì dáhùn. Ni mo bá fi ọwọ́ náà juwọ́ sí wọn.

Ire kò ní gba ebúté rẹ kọjá láìyà.

Ìyá rẹ ni.