Ìyá Rẹ Fẹ́ Di Wẹ́dà

Bethany Creek,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Twyla ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Chicago, èyí tí wọ́n ń sọ lórí rédíò tí mo fi ń gbọ̀n láti ibi tí mo jókòó sí. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí wáyà yóò máa ṣọ́ ọ lórí àjà kẹrìndínlógún tí o ń gbé. Àwa náà wà. Adìẹ wà, orúnkún mi wà, àfi ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ wa nìkan ni kò sí mọ́.

O ti gbọ́ pé wọ́n kó iṣẹ́ wa lọ sí Honduras. Ohun tí o kò gbọ́ ni pé ìjọba ní owó àti ilé ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ọjà òkèèrè bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, Mozelle tí a jọ ń rán ìbọ̀sẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì fọwọ́ sí i, Odell Pruitt tó máa ń tún ẹ̀rọ ṣe náà fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ ní òun kì í ṣagbe. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ sọ́hùn-ún, pé owó orí tí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ìgbà tí irun ti wà lórí ẹ̀, ṣé ó fi ta wọ́n lọ́rẹ ni?

Ìwé náà bèèrè bí a ṣe mọ̀ pé ọjà òkèèrè ló lé wa. Mo lọ ra ìbọ̀sẹ̀ Honduras kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá etí títì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo yí inú rẹ̀ síta bí a ti máa ń ṣe nídìí iṣẹ́, mo fi èékánná wá ojú ìránpọ̀ níbi ìka ẹsẹ̀. N kò rí àbùkù kankan. Èmi kò sì lè parọ́ fún ìjọba. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ náà dára bíi tiwa gẹ́lẹ́, pé ẹni tó rán an kì í ṣe ọ̀lẹ, kí wọ́n bá mi kí i. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà sínú lẹ́tà, ẹsẹ̀ méjèèjì, torí kí ni ọ̀gá kan ní Washington fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ṣe? Odell fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ní ta ló ń dé kóòtù tó ń yin ẹni tí òun pè lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo ń fóònù wọn. Obìnrin kan ló máa ń gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn. Mo ní ẹ ṣeun, tiyín náà ṣe pàtàkì sí mi. Yóò tún un sọ tó ìgbà mẹ́sàn-án. Wọn kò kọ́ ọmọ náà láti dúró gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù, kò kanra mọ́ mi rí. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan pè mí padà, ó ní wọ́n ti gbà fún wa, pé bí ìbọ̀sẹ̀ náà ṣe jọ tiwa gan-an ni ohun tí àwọn ń wá, òun ló fi hàn pé ọjà òkèèrè ló gba ipò tiwa. Odell ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n fi hàn pé n kì í ṣe ẹ̀rọ, kí n tọ́ka ibi tí mo bá ti rí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ìwọ náà mọ̀ pé Bethany Creek kò ní irú iná bẹ́ẹ̀. N kò tọ́ka ibì kankan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé mi jáde, kí Ìyáàfin Kessler tó ń bójú tó wa ní ọ́fíìsì ìjọba tó sọ pé nínú àwòrán ni, kì í ṣe nílùú wa.

Ìyáàfin yìí kan náà ní kí n kọ́ iṣẹ́ ìjókòó, nítorí ọjọ́ orí mi. Mo ní mo ti jókòó fún ọdún mọ́kànlélógójì, wẹ́dà ni mo fẹ́. Ó wò mí láti bàtà dé irun. Mo ní ẹni tó lè so ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ tí ọmọ aráyé ò fi ní mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀, irin ò lè dẹ́rù bà á. Mozelle ní màá jó irun ìpéǹpéjú mi. Kó jó, ó ti funfun tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, má sọ pé kí n wá jókòó tì ọ́ ní Chicago mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí n kò bá tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ kí oṣù yìí tó parí, owó ìjọba lọ nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní gba ẹni tí kò parí girama, àfi tó bá yege ìdánwò wọn, Sátidé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀ ni.

Twyla, mo ti ń sọ fún ọ láti kékeré pé mo parí girama, pé ìwé ẹ̀rí mi jóná mọ́lé ìyá mi. Ilé ìyá mi kò jóná rí. Kíláàsì kẹsàn-án ni mo dé tí mo fi lọ sídìí ẹ̀rọ. Mo parọ́ kí o má bàa rí mi tọ́ka sí lọ́jọ́ tí ìwé bá sú ọ. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bèèrè ibi tí mo kàwé dé, ojú tì mí, mo jókòó tì í títí Ìyáàfin Kessler fi lọ bu kọfí, mo wá tẹ mẹ́sàn-án síbẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi ogójì dọ́là ránṣẹ́ fún epo mọ́tò, ilé ẹ̀kọ́ náà jìn. Má fi gba orí fóònù, ojoojúmọ́ ni fóònù mi ń sọ pé òun ti kún, owó náà kò ní ráyè wọlé. Kí o sì pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdánwò náà, kí o kọ́ mi ní ìṣirò tí nọ́ńbà kan máa ń gun èkejì lórí. Bí mo bá ṣì í, bá mi wí bí mo ṣe máa ń bá ọ wí, má ṣàánú mi.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ ga jù ọ́ lọ, bí ìwọ ṣe ga jù mí lọ. Ṣùgbọ́n rọra dúró dè mí díẹ̀, mo ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Earline Gaddy