Àparò Tó Sàba Létí Pápá

Ìyá wa ní Arisónà,

Àlàáfíà la wà, ẹ má fòyà. A ti sun ìdajì pápá tí ìjọba ní ká fi sílẹ̀ fún koríko, kí ewé tútù lè hù fáwọn àparò onírù gígùn kí ìgbà ọdẹ tó dé. Ó yẹ kí Verlyn ọmọ yín kọ́kọ́ gé etí pápá kí iná má baà kọjá, àmọ́ ó bá abo àparò kan tó sàba níbẹ̀.

Mo ní, "Gé e jàre!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń lé abiyamọ nílé ni?"

Afẹ́fẹ́ bá yí padà.

Ọwọ́ rẹ̀ tí iná jó ń san. Ó ní òun náà lòun máa sun ìdajì tó kù lọ́la, atẹ́gùn sì ti ń mi fèrèsé báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, tiyín ló ń gbọ́.

Ó kí yín o. Èmi Marlys ìyàwó rẹ̀ ni mo bá a kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kò tíì lè mú bírò dání.

Verlyn