Pákó Tí Baba Kọ́kọ́rọ́ Fọwọ́ Sí

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú làálàá ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá rẹ ní kí n má fi ìkíni òun pọ̀ mọ́ tèmi, nítorí náà òun náà kí ọ lọ́tọ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé lé ọ, kò ní jẹ́ kí ọ̀nà nà ọ́. Tí o bá ń béèrè wa, àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, àti òrùlé ilé ìdáná tí mo ti ń sọ láti ọdún tó kọjá pé n ó tún ṣe. Ìyá rẹ ní kò sí ilé tó ń jò bí ilé káfíńtà.

Oníkẹ́míìsì ti ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á, torí mo ní kí ó rọra. Bí ó ṣe yé mi nìyí. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ ń gbé ilé náà, ìwọ, nọ́ọ̀sì àti onídìrí, ṣùgbọ́n orúkọ nọ́ọ̀sì nìkan ló wà nínú ìwé tí ẹ bá onílé ṣe. Nọ́ọ̀sì ti ríṣẹ́ síbòmíràn, yóò kó jáde ní ìparí oṣù, onílé sì ní kí ẹ̀yin méjì tó kù bá a lọ, pé òun kò mọ̀ yín rí, àlejò nọ́ọ̀sì lòun mọ̀ yín sí. Àlejò ọdún méjì! Onílé tí ẹ ń pè ní Baba Kọ́kọ́rọ́ yẹn, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì, ọkùnrin náà láyà o. Ìdí nìyẹn tí o fi ń lọ bá àwọn tó ń gba ayálégbé nímọ̀ràn ní Ọjọ́bọ̀, o kò dé ibẹ̀ rí, ẹ̀rù sì ń bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti jẹun.

Mo ti ro àwọn ohun tí wọ́n ní kí o múra sílẹ̀. Wọ́n ní kí o kọ bí gbogbo ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bí ọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé o kò já bọ́ láti òkè. Wọ́n tún ní kí o ya àwòrán ògiri balùwẹ̀ tó ń rin. Kí ni wọ́n fẹ́ fi àwòrán ògiri ṣe? Ògiri kò lè sá lọ. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ yà, ẹ mú un dúró ti ògiri náà, kí ó má sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún ọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó kí àgbà tán, nítorí náà tètè dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú, kí o ti kí gbogbo wọn tán kí aago tó bẹ̀rẹ̀.

Ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ọ yẹn dùn mí díẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ìdílé rẹ, ẹyọ kan lo kọ. Èmi ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́, àti àwọn àbúrò rẹ mẹ́rin, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà lọ́dọ̀ wa? Oníkẹ́míìsì ní àwọn tó ń sùn nínú yàrá náà ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ta ló ń sùn? Ìyá rẹ kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti délẹ̀. Kọ mẹ́jọ.

Oníkẹ́míìsì ní ìbéèrè tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Bí ìwé kan bá wà tó fi hàn pé onílé mọ̀ ọ́ sí ayálégbé, wọ́n lè gbèjà rẹ, bí kò bá sí, yóò ṣòro. Ó bi mí bóyá mo ní ìwé kankan lọ́wọ́. Mo ní n kò ní. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, inú mi kò dùn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo gbójú sókè wo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí gíláàsì rẹ̀ fọ́, mo rí ohun tí a ń wá lára pákó tí mo fi dí i. O mọ̀ pé iṣẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ mi kí ẹni tó gbà á má fọwọ́ sí i. Ìwé máa ń sọnù, eku sì máa ń jẹ ẹ́, nítorí náà ara àgékù igi tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sí. Nígbà tí o kó dé yàrá ẹ̀yìn ibẹ̀ tí mo fi bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ sí ọ, ibi iṣẹ́ ni gbogbo yín wà, Baba Kọ́kọ́rọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún awakọ̀. Awakọ̀ na pákó àti bírò sí i. Ó kọ ọ́ pé, “Mo gba bẹ́ẹ̀dì kan fún ayálégbé mi obìnrin, yàrá ẹ̀yìn.” Ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ ọjọ́, awakọ̀ sì gbé pákó náà padà fún mi. Bí irọ́ bá ti ń lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Baba Kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oníkẹ́míìsì rí i, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún fi í sójú. Ó fi fóònù ya pákó náà, ó ní ó ti wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ńkọ́? Pákó náà gan-an ni mo fi ránṣẹ́. Bí onílé bá sẹ́, kí wọ́n gbé e ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ níbi orí, ìlà ara igi méjèèjì yóò bára mu. Kí o sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o, ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mú onídìrí dání. Ọ̀rọ̀ ara pákó kò kàn án, ṣùgbọ́n ẹ jọ ń gbé ni.

Awakọ̀ ní pákó gba àyè ẹnì kan, pé yóò sanwó ọkọ̀ bí ènìyàn. Mo ní kí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ. Fi owó gíláàsì kan náà ránṣẹ́, torí fèrèsé ti wà ní ṣíṣí báyìí, òjò sì ń na àwọn irinṣẹ́ mi. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ojúrere lójú wọn. Ẹnu rẹ kò ní wúwo, etí wọn kò ní di.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní dandan ni kí n fi èyí kún un. Nígbà tí mò ń kan bẹ́ẹ̀dì yẹn, n kò mọ bí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ nílé níbí ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ kí o borí, tọkàntọkàn ni mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o jáde, bẹ́ẹ̀dì náà yóò wọlé.