Dúdú Inú Kànga Wa ní Bẹyẹrúnkà

Zulaihat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ooru Èkó ò tíì pa ẹ́? Àdúrà tí mò ń gbà fún ẹ lẹ́yìn ìrun àsùbáà kò dáwọ́ dúró, Ọlọ́run á gbà á. Bàbá ẹ ń kí ẹ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, inú ló ń bí i báyìí, mo sì máa sọ ìdí ẹ̀.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù nípa omi kànga wa tí o gbé lọ yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ ẹ nítorí dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta ẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, o ti ń hu ìwà kan tí n kò kọ́ ẹ. Bí o bá sọ̀rọ̀ dé ibì kan tí mo bi ẹ́ ní ìbéèrè, ṣe lo máa ń bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Tí mo bá tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún máa sọ, o ò ní fi ìdáhùn kankan kún un. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé nìyí.

O ní nǹkan kan tó ń jẹ́ máńgáníìsì wà nínú àpáta lábẹ́ ilẹ̀, pé omi yọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó lè fojú rí i nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ò dé. Àfìgbà tómi bá bọ́ sójú afẹ́fẹ́ ni máńgáníìsì kan á mú ọ́síjìn méjì látinú atẹ́gùn, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á di dúdú, wọ́n á lẹ̀ mọ́ òkúta. Èyí yé mi: ọkọ kan, ìyàwó méjì. Ó pọ̀ nínú agboolé wa. Ìgbà tí o wá ní òmíràn wà tó jẹ́ pé máńgáníìsì méjì ló ń pín ọ́síjìn mẹ́ta ni orí mi dàrú. Báwo lọkọ méjì ṣe ń pín ìyàwó mẹ́ta? Ààfáà wo ló so irú yìgì bẹ́ẹ̀? O tún ní àwọn ohun ẹlẹ́mìí kan tójú ò lè rí máa ń bá wọn mú un yá. Mo ti yọjú sínú kànga títí, n kò rí ẹnì kankan.

Ti bílíìṣì ńkọ́? Mo fi omi yẹn fọ jálábíà funfun tí bàbá ẹ fẹ́ wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, mo rí àbàwọ́n lára ẹ̀, mo da bílíìṣì sí i kó lè mọ́. Ṣe ló tún dúdú sí i. Àṣé o ti sọ ọ́ nínú fóònù pé iṣẹ́ atẹ́gùn ni bílíìṣì ń bá wọn ṣe, pé ó máa ń so wọ́n pọ̀ kíákíá ni. Ohun tó ń bí bàbá ẹ nínú nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá bà jẹ́ ni ibi tí o ti ní irú dúdú yìí kan náà ló wà nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Àrẹ̀mọ, àwa la máa ń fọ́ bátìrì tó ti kú, tí a ó gún dúdú inú ẹ̀ mọ́ ewé, tí a ó fi kun pátákó ìkọ̀wé. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Mo ha ti ara òkúta kànga, mo fi ìka ra á, òun gan-an ni. Mo bá sọ ọ́ níwájú Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, pé bátìrì ló wà nínú kànga. Gbogbo ojú yí sí Gàfárù tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó ní òun ò ju bátìrì kankan síbẹ̀. Mọ́gàjí ní kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò kó tó di Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń bá wa gbé látìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọwọ́.

Lánàá, fóònù mi kú. N kò níbòmíràn tí mo lè gbé e lọ, mo gbé e lọ bá Gàfárù láàárín ẹrù tó ń dì. Ó tún un ṣe, kò gba kọ́bọ̀. Bó ṣe ní kóun yẹ ẹ́ wò bóyá ó ń dún, ohùn ẹ ló jáde. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ bátìrì, mo nawọ́ láti pa á, torí ibẹ̀ ni mo máa ń pa á sí kí n lè ráyè bá ẹ jiyàn. Gàfárù ò gbé e fún mi. Ó gbọ́ ọ dópin, èmi náà sì gbọ́ ọ pé: "Ìyá mi, kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sínú kànga o. Ilẹ̀ ló ti wá, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga yẹn."

Gàfárù ò bínú sí mi. Ì bá tiẹ̀ bínú, ì bá sàn. Ó kàn gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Zulaihat, ẹ máa jẹ́ kí ọmọ yín sọ̀rọ̀ tán." Ojú tì mí débi pé n kò rántí dúpẹ́ fóònù.

Kíá ni mo gbé ohùn náà lọ fún Mọ́gàjí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ṣebí ọwọ́ Gàfárù ni fóònù yìí ti ń bọ̀, ta ló mọ ohun tó kó sínú ẹ̀? Mo ní ohùn ọmọ mi ni. Ó ní kí ọmọ mi gbé ẹnu ẹ̀ wá.

Nítorí náà, wá fúnra ẹ kó tó di Jímọ̀. Jókòó níwájú Mọ́gàjí, kí o sọ ti ọkọ kan ìyàwó méjì fún un, fi ti ọkọ méjì yẹn sílẹ̀, jọ̀ọ́. Tí o bá ń bọ̀, mú owó díẹ̀ dání ká fi ra jálábíà míì fún bàbá ẹ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun tó mọ́ gaara lójú ẹ di dúdú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ìyá ẹ,
Kúlúsúmù

Gàfárù ní kí n kí ẹ. Òun ló bá mi wá awakọ̀ tó ń mú ìwé yìí bọ̀. Gàfárù ò tíì tú ẹrù tó dì.