Ẹni Tí Màmá Ń Bá Du Fìrísà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé ewúrẹ́ ti gba ibi tí ẹ máa ń jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó lè lé e. Èmi ni mò ń fi máṣíìnì yín ránṣọ báyìí. Ṣọ́ọ̀kì yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, èyí tí ẹ máa ń há sẹ́yìn etí, tí ẹ óò tún máa wá a káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá rí i, n ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ọkàn mi á bàjẹ́. Ta ló kù tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó ti aṣọ lọ́jà mọ́, àwọn tó ti ń ta aṣọ láti Àbíjàn títí tí ẹ fi kó wa padà wá sí Èjìgbò. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa ta ẹja tútù àti omi dídì níwájú ilé. Fìrísà ló kù, èyí tó ń lo oòrùn, nítorí iná ìjọba ò ṣe é gbọ́kàn lé. Ìyẹn ò burú. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ rà á ló burú.

Orí fóònù ni, Bàbá. Gbàǹjo ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kò jọ gbàǹjo tí ẹ mọ̀. Ẹ rántí èyí tí ẹ ti ra máṣíìnì yín l'Óṣogbo? Ẹ sọ fún wa pé ẹni tí wọ́n bá borí níbẹ̀ kàn máa ń gbọn ẹ̀wù rẹ̀ ni, á gbé owó rẹ̀ padà sílé. Níbi ti fóònù yìí, owó ni èèyàn fi ń lanu. Tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ó kọ́kọ́ rà jọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ fóònù, tíkẹ́ẹ̀tì kan lọ nìyẹn, iye fìrísà á fi náírà kan gòkè, aago á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn kí aago tó tán ló máa rà á. Àwọn yòókù ti sanwó, wọn ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, iye tó wà lójú fóònù ò ju owó ewúrẹ́ kan lọ, òun ló ń wọ Màmá lójú.

Ẹ mọ Màmá nídìí ọjà níná. Wọ́n á ná an, wọ́n á kẹ́yìn sí i, wọ́n á máa rọra lọ títí ọlọ́jà á fi pè wọ́n padà. Ojú máa ń tì yín, ẹ óò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n rò pé ọjà níná náà ni èyí. Ṣùgbọ́n ta ló máa pè wọ́n padà nínú fóònù? Bí wọ́n bá lọ, gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ di òfò, nítorí náà wọn ò lè lọ. Owó aṣọ tó kù nínú àpótí bá a lọ. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ oko kaṣú yín ní Ìsúndúnrin.

Mo sọ̀rọ̀, Bàbá. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Màmá bi mí pé ṣé èmi ni mo bí àwọn ni. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Kékeré, àbúrò yín tó wà ní Másífà. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n jókòó, wọ́n mumi, ṣùgbọ́n Màmá ti wà nílé yín kí wọ́n tó bí Bàbá Kékeré, ẹ̀yìn Màmá ni wọ́n ti dàgbà. Màmá kàn ní, "Ìwọ tí mo nu ìdí fún?" Ni Bàbá Kékeré bá kọjú sí mi, wọ́n ń bi mí bóyá òjò ti rọ̀ l'Éjìgbò. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè wo Màmá lójú kí wọ́n sinmi. Kí ló dé tí ẹ yára lọ bẹ́ẹ̀?

Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan, ọgbọ́n burúkú. Mo ní bí mo bá lè gba fìrísà náà, n ó gbé e síwájú Màmá, ọ̀rọ̀ á parí, oko yín á sì bọ́. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Àwọn onígbàǹjo ní kí n mú orúkọ tí gbogbo ayé á máa rí, mo mú Ọmọ Ìbàdàn, kí Màmá má baà fura. Màmá ń tẹ tiwọn nílé, mò ń tẹ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò ronú pé bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni aago ń padà sẹ́yìn, tí Màmá náà á tún tẹ̀. Ìgbà tí ó yé mi, tíkẹ́ẹ̀tì tí mo ti rà dùn mí, n ò fẹ́ kó ṣòfò. Bí mo bá délé, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ Ìbàdàn yẹn tún dé lónìí! Voleur!" Faransé Àbíjàn ni wọ́n fi ń pè mí lólè. N ó gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀, n ò ní lè wojú wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹnì kan tí a ò rí orúkọ rẹ̀ rí ló gbé fìrísà náà lọ. Màmá ò bínú sí onítọ̀hún. Wọ́n ní Ọmọ Ìbàdàn ló kó bá àwọn, pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ọwọ́ àwọn ni ìbá bọ́ sí. Òótọ́ sì ni. Nígbà tí fìrísà mìíràn tún jáde, wọ́n ta oko kaṣú náà, kí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn lè pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Oko tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìn, nítorí tèmi ni wọ́n ṣe tà á. Ṣé kí n jẹ́wọ́? Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ló máa dá oko padà?

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo kúnlẹ̀, mò ń ṣe àmín. Wọ́n tọrọ àforíjì fún yín. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi ní ọkọ rere, kí n bímọ. Lẹ́yìn náà ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní ẹni tó ń jẹ́ Ọmọ Ìbàdàn, tó mú kí àwọn ta ohun tí ọkọ àwọn fi sílẹ̀, kó má rí èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ jó. Wọ́n wá ń dúró dè mí. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í kúrò lórí àdúrà kan tí wọn ò bá gbọ́ ohùn ọmọ wọn.

Mo ṣe àmín, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín lójoojúmọ́.