Ẹ̀rọ tí mo gbé sí apá ọ̀tún ọkọ̀ yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Ẹ̀rọ, ẹgbẹ̀rin sídì. Bátìrì, igba ó lé àádọ́ta. Wáyà àti fíúsì, ogójì. Ọkọ̀ tírótírò láti Accra dé Ada, àlọ àti àbọ̀, ọgọ́ta. Káfíńtà, ọgbọ̀n fún ihò kan, ó sì lu méjì. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ẹ má tíì bínú. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ẹni tí yóò di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú fún mi nínú ọkọ̀ ojú omi yín tí mo bá ń fa ìgbòkun. Ọkùnrin tí mo gbà síṣẹ́ ń gba owó ojúmọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó tún ń gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn àlejò tó ń wá ṣeré lórí omi. Mo lé e. Bùrọ̀dá Sàláwù ní kí a ta ọkọ̀ náà. Ó ní òyìnbó tó fi ọkọ̀ náà san owó ìgbòkun tí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán fún un kò ní kí a fi ṣe ogún. Bí kò bá mú owó wọlé kó tó di Iléyá, yóò tà á. Mo fura pé ó ti rí ẹni tí yóò rà á, torí ó ti ń pe iye rẹ̀ láì tíì lọ wò ó.

Ẹ̀rọ yìí, tó ń tọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, gùn bí apá ènìyàn. Ọ̀pá kan ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń wọlé padà. Ọ̀pá yẹn la ń so mọ́ ọwọ́ ìtọ́kọ̀, kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ sì ń sọ fún un ibi tí orí ọkọ̀ kọ sí. Alhaji Ràímì tó ń ta páàtì ní Abossey Okai ní méjì tí wọ́n ti lò rí, kékeré àti ńlá. Ìlọ́po méjì owó kékeré ni ńlá. Alhaji ní kékeré ni kí n rà. Oníṣòwò wo ló ń lé oníbàárà kúrò nídìí ọjà tó wọ́n jù? Mo ní ńlá yẹn ti kú ni. Mo yá òṣùwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń gbé ẹja kọ́, mo lọ sí Ada lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ le, mo fi fa ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Agbára tó gbà kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára kékeré. Alhaji kò purọ́. Ìyẹn gan-an tún mú kí n fura sí i.

“Ọmọ Télọ̀, mú un lọ,” ló wí. “San èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Tó bá ṣiṣẹ́, kó o san ìyókù.”

“Ẹlẹ́rìí dà?”

“Ẹlẹ́rìí kẹ̀? Kyalé, ọ̀rẹ́ mi, ṣé kóòtù la wà ni?”

Mo san irinwó sídì, mo gbé ẹ̀rọ lọ. Bàbá, kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti ọkùnrin yìí tí ẹ kò sọ fún mi?

A ní láti lu ihò sórí ìjókòó kí ìdí ẹ̀rọ lè dúró. Apá ọ̀tún ni ẹ máa ń jókòó sí. Ọ̀dà ibẹ̀ ti họ. Ẹ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kí ẹ tó jókòó, kódà bí kò bá sí omi níbẹ̀. Nínú ilé wa, ta ló ń gbé nǹkan lé ìjókòó bàbá rẹ̀? Mo ní kí káfíńtà lu ihò sí òsì.

Mo gbé ọkọ̀ jáde, èmi nìkan. Mo kọ orí rẹ̀ sí àwọn igi àgbọn òdìkejì odò, mo tẹ bọ́tìnnì. Orí ọkọ̀ yà díẹ̀ sí òsì. Dípò kí ẹ̀rọ dá a padà, ó tún tì í sí òsì sí i, títí a fi yípo, tí igi ìgbòkun sì gbá kọjá lórí mi. Ó ku díẹ̀ kí n bọ́ sómi. Mo pe Alhaji lórí fóònù, mo pè é ní olè.

“Apá ibo lo gbé e sí?”

“Ṣé ohun tí mo bi yín nìyẹn?”

“Mo ní apá ibo?”

“Òsì.”

“Ọ̀tún ni àyè rẹ̀. Bó o bá gbé e sí òsì, òdìkejì ohun tó yẹ ló máa ṣe. Tó o bá tún pè mí lólè, ọjọ́ tí mo bá dé ọ̀run, màá fẹjọ́ rẹ sun Télọ̀.”

Mi ò gbà á gbọ́. Mo padà sílé ní Kokomlemle, mo fi ọwọ́ ṣíbí àti ọ̀bẹ ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí tábìlì. Tí ọ̀pá bá yọ láti òsì, yóò ti ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí ọ̀tún, orí ọkọ̀ yóò sì lọ sí òsì. Tó bá yọ láti ọ̀tún, orí ọkọ̀ yóò lọ sí ọ̀tún. Bí mo ṣe yí i tó, ibì kan náà ló ń já sí.

Káfíńtà lu ihò kejì sí àárín ibi tí ọ̀dà ti họ. Mo yíjú sí omi títí ó fi ṣe tán.

Ó ṣiṣẹ́, Bàbá. Ó gbé mi lọ tààrà sí ìdí àwọn igi àgbọn yẹn. Mo ti gbé àlejò mẹ́rin láti ìgbà náà, Bùrọ̀dá kò sì dárúkọ títà mọ́. Síbẹ̀ mi ò fọkàn tán ẹ̀rọ náà. Ẹ̀yin máa ń mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ kí omi tó yí àwọ̀. Kí ni òun mọ̀? Apá òsì ni mo ń jókòó sí, mo ń ṣọ́ ọ, ọwọ́ mi kò jìnnà sí i.

Alhaji kò tíì bèèrè ìyókù owó rẹ̀. Mo dì í sínú áńkáṣífù, mo gbé e dé Abossey Okai lẹ́ẹ̀kan, mo sì gbé e padà wálé. Ọjà tí a kò tíì san owó rẹ̀ tán, ti ẹni tó tà á ni. Títí di òní, àlejò ni ẹ̀rọ yẹn jẹ́ níbi ìjókòó yín. Ẹ lè ní kó dìde. Tí mo bá wá san án tán, ta ni yóò ní kó dìde?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí kò tíì lè jókòó sí ọ̀tún.

Ó ku irinwó sídì. N kò tíì san án.